Àmì Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Àpótí Omi

Lagbé, Ifangni

Hàsíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ariwo Kútọnù tí o ń gbé inú rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Gbogbo ẹnu tó bá dárúkọ rẹ ní búrò tí o ti ń ṣiṣẹ́, ire ni wọn yóò fi dárúkọ rẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o gbé ẹrù tí ọrùn rẹ kò lè gbà. Àmín.

Tí o bá ń béèrè wa, a wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo fi ń kọ èyí, tí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, orúnkún ló ń dùn mí níbẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ó sì ti jẹ etí ìbòrí mi tí mo fi ń kírun. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lóko, ṣùgbọ́n ọjà Ifangni kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àwọn ará òdìkejì bọ́dà kì í wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mi ò sì mọ ẹni tó jókòó sáàárín èmi àti ìwọ tó ń gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ àpótí omi yẹn ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo gbìyànjú kí iṣẹ́ rẹ lè yé mi. O ní ẹgbẹ́ kan ni yín tó ń fẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ wà ní òmìnira, mo bi ọ́ pé ta ló há a mọ́, o rẹ́rìn-ín. O ní ẹgbẹ́ náà kì í jèrè. Ìyẹn, mi ò sọ fún ará ilé kankan, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ọjà yín kò tíì yá. O ní àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ọ̀dínátẹ̀ tí ẹ fi ń kọ̀wé, ì báà jẹ́ àpótí tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń kó o wá fún yín, ìwọ ni ó sì ń rí sí i pé wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa. Tí kò bá sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tó rà á, tí onítọ̀hún lè tú u, kó tún un ṣe, kó sì fi han aládùúgbò rẹ̀ bí òun ṣe tún un ṣe, ẹ ó fún un ní àmì. Ó yé mi. Bí ẹran ló ṣe rí. Àfáà tí kò mọ ẹni tó dú ẹran kò ní sọ fún wa pé halálì ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò lè nira nígbà tí ọkọ mi kékeré ní kí o fi àmì sí àpótí tirẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ ni mò ń wí, ẹni tí ìwọ ń pè ní bàbá Àlàní, èmi ò kúkú lè dárúkọ rẹ̀, ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. O mọ̀ pé òun ló ń bá ilé-iṣẹ́ kan ta pọ́ǹpù tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, òun ló sì mú èyí tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wá fún wa. Nígbà tí o wá ṣe Iléyá, o jókòó ti àpótí tó ń darí pọ́ǹpù náà, o na okùn láti inú ọ̀dínátẹ̀ rẹ sí i, o wò ó títí, o wá ní kò ṣeé ṣe. O ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tì pa, tí bàbá Àlàní tó ń tà á pàápàá kò gbọdọ̀ rí, àti pé ẹni tó ṣe é lè jókòó sílé rẹ̀ kó sì pa á mọ́ wa lọ́wọ́. Ojú ọkọ mi kékeré fà ro. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ lọ sílé ìwé ní Ifangni nígbà tí bàbá rẹ kú, o sì kọ̀ fún un lójú gbogbo ilé.

Èmi wá ní kí n ṣàlàyé fún àwọn obìnrin nídìí omi, kí wọ́n má baà sọ pé ìgbéraga ni. Mo ní àpótí yìí kò tíì gba àmì, bí ẹran tí a kò mọ ẹni tó dú u. Àṣé mo ti dáràn. Fàúzíyàtù, ìyàwó Àfáà Jẹ́láàní, da omi àlùwàlá ọkọ rẹ̀ nù. Àwọn kan padà sí odò. Wọ́n lọ ń bi Àfáà bóyá gbogbo ìrun tí àwọn ti kí láti ìgbà tí pọ́ǹpù ti dé ti bàjẹ́. Àfáà ní omi kò mọ nǹkan kan nípa àpótí, ilẹ̀ ló ti wá, ó mọ́. Ó wá yíjú sí ọkọ mi kékeré, ó bi í pé ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ní kò sí lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, àpótí dákẹ́. Iná pupa kékeré kan ló kù tó ń ṣẹ́jú. Ọkọ mi búra pé òun kò jẹ ilé-iṣẹ́ náà ní gbèsè kankan. Sosthène tó ń tún fóònù ṣe ní Ifangni wá wò ó, ó ní òun ìbá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. A pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, faransé ló ń sọ, Sosthène ní ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo kí i. Mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ. Kò dá mi lóhùn, ó tún ní kí n tẹ ení. Mo ní bóyá wàhálà wà nílé rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí bébà alẹ̀mọ́ tí o gbàgbé sórí ẹní mi, èyí tó ní àmì ẹgbẹ́ yín lára. Mo rò ó pé bí àìní àmì bá ń mú nǹkan dákẹ́, níní rẹ̀ á mú un fọhùn. Mo ṣe bísímílà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tú yàà! Àwọn obìnrin jó, Fàúzíyàtù gbé gàrí wá fún mi. Mathias tó ń lọ àgbàdo ní kí n bá òun wá ọ̀kan fún ẹ̀rọ òun tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà. Ọkọ mi fi fóònù ya àmì náà, ó fi ránṣẹ́ káàkiri ìlú Daagbé, ó ní ọmọ àwọn ní Kútọnù ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń rà á. Inú mi dùn, mo rò pé mo bá ọ ṣiṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà lo pè. Mo rò pé wàá pariwo, ì bá sàn kí o pariwo, torí ohùn rẹ fi hàn pé ó rẹ̀ ọ́ ju èmi lọ. O ní àwòrán náà ti dé búrò yín, ọ̀gá rẹ Scholastique fi hàn ọ́, ó bi ọ́ bóyá ìwọ lo fún ẹbí rẹ ní àmì. O ní ẹni tí kò lè yẹ inú ẹ̀rọ wò fúnra rẹ̀ ni ẹ ṣe àmì náà fún, tó gbẹ́kẹ̀ lé yín. O ní kíkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ á fi ìdùnnú kọ̀wé wá, wàá bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọn ò sì ní kọ̀wé mọ́. O wá ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́. Mo bi ọ́ bóyá mo lè dúró kí òjò kọ́kọ́ dé. O tún ní ẹ jọ̀ọ́. Mo ní ó tán, màá yọ ọ́.

Àpótí náà kò ga, àfi kí n kúnlẹ̀, o sì mọ bí orúnkún mi ṣe rí. Ọkọ mi ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ nídìí pọ́ǹpù rẹ̀, ó rò pé mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lójú àwọn èèyàn ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ní dìde, ìyàwó, ó tó. Mi ò lè dìde. Ó sún mọ́ mi, ó wá rí ọ̀bẹ tí mo fi ń ha bébà náà. Hàsíátù, bébà yẹn le o, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dín gọ́ọ̀mù rẹ̀ kù. Mò ń ha á, mò ń sọ fún àwọn tó tò síbẹ̀ pé ọmọ mi kò fọwọ́ sí àpótí yìí, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bá ń lọ Daagbé bá mi sọ fún wọn. Ọkọ mi yíjú, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ògiri ló ń wò.

Kò pẹ́ tí àpótí tún dákẹ́. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó ni ín ló ń pa á, tí wọ́n tún ń tan án láti ibi tí wọ́n wà, bí o ṣe sọ. Wọ́n ní rárá, ìgbà tí mo ha àmì kúrò ló kú, èmi ni mo pa á. Má bínú, èmi náà máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Odò ni gbogbo wa ń lọ báyìí. Àwọn ń lọ pọ̀, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú garawa mi, ó sì ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi fi owó ìpara orúnkún ránṣẹ́, díẹ̀ náà tó, mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ yín kì í jèrè. Fi garawa kékeré kan tó fúyẹ́ kún un. Tí ẹ bá sì rí àpótí pọ́ǹpù kan tí ẹ ti yẹ inú rẹ̀ wò, èyí tí Sosthène lè tú, mo fẹ́ ẹ. O ní kò tíì sí ẹni tó gbé irú rẹ̀ wá. Tí ẹnì kan bá kọ̀wé, tó tún fẹ́ dákẹ́, sọ fún un pé ìyá kan wà ní Lagbé tó ń dúró dè é. Tí kò bá dáhùn, kọ̀ fún un. Má tìtorí orúnkún mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọlọ́run á gbé ẹnì kan dìde tí yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú rẹ láìfi nǹkan kan pamọ́. Wàá yẹ̀ ẹ́ wò lókè, wàá yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ẹnu rẹ á sì sọ bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà. Kí n wà láyé kí n gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràbíátù

Mo fi àmì tí mo ha náà sínú lẹ́tà yìí. Etí rẹ̀ kan ya. Tí ẹni tí mo fi ṣàdúrà yẹn bá dé, àmì yìí ni kí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.