Ìró Bọ́tìnnì Láàárín Èmi àti Àǹtí Tómi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Jẹnẹrétọ̀ kọ̀. A ò ṣiṣẹ́ títí ọ̀sán. Túnunsọ jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin. (Kápútẹ́nì Abórìṣàdé, ọ̀gá wa, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Kò mọ̀.) Bàálù ń kọjá lórí Ṣógúnlé, ó ń sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ láì gbójú sókè.

Iná dé. Zakariyah kọ́kọ́ wọlé, Àǹtí Tómi tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ti gba ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ bàálù tipẹ́, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá dánra wò lọ́dọ̀ wa kí iṣẹ́ náà má bàa kúrò lára wọn. Bàálù tiwa kò fò rí, ẹ̀rọ ìdánrawò ni. Àga méjì, fèrèsé tó jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àti Atọ́nà láàárín, àpótí kékeré irú èyí tó wà nínú bàálù gidi, tó ń ya ọ̀nà sójú ara rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn pákó tí wọ́n fi pín yàrá, hẹ́dìfóònù lórí, máìkì lẹ́nu. Èmi ni kọ́ntrólà, ẹni tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Ohun tí Túnunsọ bá kọ ni mò ń kà sí wọn létí: yà sọ́tùn-ún, máa sọ̀ kalẹ̀, lọ tààrà sí ibí. Òyìnbó ni a ń sọ lórí rédíò, Yorùbá ni mo fi ń ronú, òun náà ni mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ojú Atọ́nà wọn ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré níwájú mi. Mò ń rí ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Wọn kì í rí mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ ọjà Aswani. Àwọn aláṣọ ti gba títì, mo fẹsẹ̀ rìn jáde ní Ìsọlọ̀. Mo pẹ́. Túnunsọ ní, "Tówà, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa yí ká lókè títí o fi dé ni?"

Zakariyah ní "Ẹ tún un sọ" ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìrìn kan ṣoṣo. Àǹtí Tómi ní, "Àlùfáà Adití, ṣé kí n ra agogo fún ẹ?" Ó ní, "Rà á. Ọrùn ẹ ni màá so ó mọ́, kí n lè máa gbọ́ ibi tí o bá ṣìnà sí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Túnunsọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ìbéèrè pa. Bí ìtọ́ni ò bá yé ọ, bí ọ̀nà tí àpótí yẹn yà ò bá yé ọ, kọ́kọ́ di bàálù rẹ mú, kí o sì ní kí wọ́n tún un sọ. Ojoojúmọ́ ayé ló ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ tí mo fún un.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Ilé-iṣẹ́ bàálù kan fẹ́ gba ẹnì kan. Ẹnì kan péré. Ìdánwò di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù, nínú ẹ̀rọ bíi tiwa, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi. Zakariyah ń lọ. Àǹtí Tómi ń lọ.

Èmi àti Àǹtí Tómi jọ jẹ bọ̀ọ̀lì lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, lẹ́yìn Àgọ́ Palace níbẹ̀, Kápútẹ́nì ni tọmọdé tàgbà ń pe òun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é, ó ń ṣe òun bí ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ. Bàbá rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀: bí èyí ò bá bọ́ sí i, kó máa bọ̀ nílé ní Adó, kó wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó bọ́ hẹ́dìfóònù rẹ̀, ó fi sí mi lórí. Ó ní tèmi ti já jù, kí n máa lo ti òun, òun á máa lo èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. "Àbúrò mi ni ẹ́, àbí?"

Kò sẹ́ni tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ èyí dáadáa.

Bí kọ́ntrólà bá ní kí o fo àwọn ibùdó kan, ìyẹn àwọn àmì tó wà lójú ọ̀nà òfurufú, kí o lọ tààrà sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ Atọ́nà. Tẹ àkọ́kọ́, ó á ya ìlà kan fún ọ, àwọ̀ àlùkò. Wo ìlà náà. Ṣé iwájú ló lọ? Ṣé ibi tí wọ́n ní kí o lọ ni? Nígbà náà ni kí o tó tẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, bàálù á tẹ̀ lé ìlà, ì báà jẹ́ inú kànga ló yà á sí.

Ọwọ́ Àǹtí Tómi yá jù. Mo ní kó lọ sí ibùdó tó kángun sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Ó mú ibùdó àkọ́kọ́ tí Atọ́nà fi hàn án, èyí tí bàálù ti kọjá. Ìlà náà ṣẹ́ padà sẹ́yìn. Àtàǹpàkò mi fò sórí bọ́tìnnì máìkì. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn dún létí rẹ̀: kẹ́.

Ó dúró. Ó tún wò ó. Ó yí i padà.

Túnunsọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Etí Àǹtí Tómi nìkan ló dé.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Ó tún ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́. Ti òní kì í ṣe pé ọwọ́ mi fò.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Kẹ́ méjì. A ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi àti òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Àṣìṣe kankan ò sí lónìí. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tí Túnunsọ rí. Ó pàtẹ́wọ́! Ó ní ìyá tó bí Tómilọ́lá bí awakọ̀. Zakariyah ní, "Ó dáa, èmi ni màá máa gbé báàgì fún un." Àǹtí Tómi wá bá mi lẹ́yìn pákó, ó fà mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní ohùn mi ń fi ọkàn òun balẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo rí. Láàárín títẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ó ń dúró báyìí, bí a ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, á fẹ àwòrán náà kó tóbi kó lè rí ìlà. Kì í fẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kàn ń dúró.

Kí ló ń dúró dè?

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹfà

Mo ti pinnu nílé: kò sí kẹ́ lónìí. Mo tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Ìlà ṣẹ́ padà. Mo rí i. Mo ní, jẹ́ kó ṣìnà, jẹ́ kí Túnunsọ bá a wí, ó ṣì kù díẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Mo wá rántí bàbá rẹ̀. Mo rántí bí ó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá bá a wí níwájú Zakariyah — ẹnu rẹ̀ á kéré.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Ọ̀la ni ìdánwò. Mo sin Àǹtí Tómi dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ó ní, "Tówà mi, gbàdúrà fún mi o." Mo ní, "Ẹ máa ṣe àṣeyọrí, mà." Ìyẹn nìkan ni mo rí sọ. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó juwọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Zakariyah ni wọ́n mú.

Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Túnunsọ, ojú rẹ̀ ò dùn tó ti ẹni tó ríṣẹ́. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n fi òun sí nígbà tí ó kan Àǹtí Tómi, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó ní ó ń wa bàálù náà bí ẹni ń da òróró. Ó kù díẹ̀ kó balẹ̀, kọ́ntrólà wọn ní kó fo ibùdó méjì, kó lọ tààrà sí èyí tó kángun sí ìbalẹ̀. Ó tẹ àkọ́kọ́. Ó dúró. "Mo tiẹ̀ rò pé ó ti rí i ni. Ó dúró pẹ́ díẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan." Ó tẹ ìkejì. Bàálù yí ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, ó lọ pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n fi ń rojú. "Wọ́n ní èyí kò ní pa wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Orin ò jáde lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Túnunsọ ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní òun ti darúgbó, òun ò ríran mọ́, báwo ni òun ṣe kọ́ ọmọ tí òun ò sì rí ihò tó wà lára rẹ̀. Mi ò lè gbọ́ ìyẹn kí n dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un.

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. "Tówà, kọ́ntrólà kì í wa bàálù." Ó tún ní, "O fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ni ó yẹ kó bà á lẹ́rù, kì í ṣe ìwọ."

Kò lé mi. Ì bá sàn bó bá lé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Mo lọ sílé Àǹtí Tómi. Mo gbé hẹ́dìfóònù rẹ̀ dání. Ó ń ká aṣọ sí àpótí. Iṣẹ́ Adó ti bọ́ sí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" Ó mọ̀ láti ìjọ́ kejì. Ó ní ó dùn mọ́ òun, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan di òun lápá mú nínú òkùnkùn. "Nígbà tí mo tẹ àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, mo dúró. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo ní, ó ti dáa nìyẹn."

Mo sunkún. Òun ò sunkún. Ó ní kí n mú hẹ́dìfóònù lọ, kí ni òun fẹ́ fi ṣe níwájú bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Àǹtí Tómi wá! Mi ò retí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ. Túnunsọ tan ẹ̀rọ fún un, ó sì jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, ó fi wá sílẹ̀.

Mo wà lẹ́yìn pákó. Mo fún un ní ìtọ́ni kan náà tí wọ́n fún un níbi ìdánwò. Mi ò mọ̀ bóyá ìkà ni. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan.

Ó tẹ àkọ́kọ́. Ìlà ṣẹ́ padà sẹ́yìn.

Ó dúró. Mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí létí mi. Ó ń retí. Mo jókòó lé ọwọ́ mi títí ìka mi fi kú. Ìlà àlùkò yẹn wà níbẹ̀, ó ń wò wá.

Lẹ́yìn náà ó fẹ àwòrán náà. Ó tóbi. Ó tún fẹ̀ ẹ́.

"Kọ́ntrólà, ìlà yìí ò yé mi. Ẹ tún un sọ."

Láti oṣù tó kọjá, kò bi mí rí. Èmi ni mi ò jẹ́ kó bi mí.

Mo tún un sọ. Ó yí i padà, ìlà náà nà síwájú, ó tẹ ìkejì, ó balẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó bọ́ hẹ́dìfóònù, ó gbé e kọ́. Kò wá sẹ́yìn pákó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ bí Túnunsọ ṣe ní, "Kápútẹ́nì, ó dàbọ̀ o." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Àárọ̀ ọ̀la ni mọ́tò Adó rẹ̀ máa gbéra.