Yàrá Yín Ni Múfú Wà Báyìí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, Màámi. Mi ò sunkún o. Ńṣe ni gbogbo ara mi kú típiri, bíi pé wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ eyín.

Ọ̀rọ̀ Múfú àbúrò mi ni. Àìsàn ọpọlọ yẹn ti padà. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìlera Ìbà? Ẹ ó dín àkàrà fún un láàárọ̀, ẹ ó purọ́ fáwọn ará ilé pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà á láàmú. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó fi aṣọ gbígbóná tẹ ìdí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kó lè máa ṣe wẹ́dà l'Ókòkómáíkò bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìjọba ò fún ilé ìlera náà lówó oògùn mọ́. Ojú ń ti nọ́ọ̀sì bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ti yàrá abẹ́rẹ́ náà pa, wọ́n ní ẹni tí tiẹ̀ bá le kó máa lọ sí ẹ̀májẹ́nsì ní ọsibítù ńlá.

Múfú fọ́ gbogbo fèrèsé ilé, ni mo bá gbé e lọ. Háà, Màámi! Gbogbo àwọn tá a jọ máa ń jókòó n'Íbà ni mo bá níbẹ̀. Ìyàwó sójà bárékè yẹn, ọmọ mẹkáníìkì Ajángbádì, ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tí mọ́tò gbá ń ṣẹ̀jẹ̀, kò síbi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Torí pé Múfú ń jà, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n dè é mọ́, okùn yẹn sì ti bó o lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀já yín tí mo gbà sídìí ni mo tú, òun ni mo fi so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀já tẹ́ ẹ fi pọ̀n ọ́n. Kò bá mi jà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó sùn lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé ọmọ kékeré kan tí gìrì mú wọlé. Bẹ́ẹ̀dì Múfú ni ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́. Dókítà ní kí n máa gbé tèmi lọ. Kí ni ǹ bá ṣe, Màámi? Mo tú ọ̀já, mo gbé àbúrò mi. Bóyá ọmọ yẹn yè, mi ò mọ̀.

Yàrá yín ni Múfú wà báyìí. Mo kan fèrèsé pa, mo sì ti ilẹ̀kùn láti ìta. Ẹ búra pé kò sẹ́ni tó máa ti ọmọ yín mọ́lé níṣojú yín. Ẹ ò sí mọ́. Tí mo bá ṣí i, á já sí títì Bàdágìrì, mọ́tò ò mọ aláìsàn. Tí mi ò bá ṣí i ńkọ́? Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ máa dé?

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.



Ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi,
Èmi ọmọ yín obìnrin.