Ẹrẹ̀ Tí Mo Dojú Rẹ̀ Dé

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Sábó,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, 1997.

Ọláyínká, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Mojíre ìyàwó wa ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà? Ẹja tí o ṣèlérí láti Àjíǹde kò tíì dé, ìwọ náà mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàwàdà púpọ̀ lónìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí rẹ. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí ọdún méjì sẹ́yìn tí èmi àti olóògbé Adéagbo, tẹkiníṣíànì wa, wá sọ́dọ̀ yín. A wọ ọkọ̀ ojú omi, a gún páìpù gígùn bọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní ọ̀ọ́kán ìlú yín, a sì fà á jáde tòun ti ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwa fi ń mọ bí òkun ṣe rí láyé àtijọ́. Tìsàlẹ̀ ló pẹ́ jù, tòkè ni tàná. Nígbà tí mo là á ní lábù, mo bá ìkarahun ẹ̀dá òkun, tí kò tóbi ju hóró iyọ̀ lọ, nísàlẹ̀. Mo bá gbòǹgbò igi àbàtà lókè. Mo sọ fún ọ pé òkun ń padà sẹ́yìn lọ́dọ̀ yín, pé ilẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ mi lo gbọ́ tí o fi kọ́lé sétí omi, tí o sì kó Màmá wọ ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sùmáyà, obìnrin tó ń gbálẹ̀ lábù wa, dúró ti ẹrẹ̀ náà. Ògì ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó wá síbi iṣẹ́. Wọ́n wo iyanrìn tó wà láàrin rẹ̀ títí, bí hóró ńláńlá ṣe wà lórí èyí tó kúnná, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ta ló dojú nǹkan yìí dé?"

Mo rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Bí nǹkan bá tòrò, ṣé èyí tó wúwo ló máa ń wà lókè?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo wo ihò tí àwọn akàn kéékèèké gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ náà: ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ wá sókè. Akàn wo ló ń gbẹ́lé bẹ́ẹ̀? Mo lọ tú ìwé Adéagbo. Ọfà tó yà sára páìpù, tí mo kà sí òkè, ibi tí páìpù ń wọlẹ̀ sí ló fi ń júwe. Abèèrè kì í ṣìnà; èmi kò bèèrè. Ojú ń tì mí, Yínká.

Mo yí i padà, mo tún un kà. Ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀: gbòǹgbò, èédú, àti èèpo ekùrọ́ kan tí ẹnìkan fi òkúta fọ́. Ẹnìkan jókòó níbẹ̀ rí, ó ń fọ́ ekùrọ́, níbi tí ọ̀pá ọkọ̀ kì í kanlẹ̀ lónìí. Lórí èèpo náà ni iyanrìn wà, ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ó sì kún fún ìkarahun pupa fífọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ òkun nìkan títí dókè. Kò sí àmì kankan pé omi rọra wá; ẹ̀ẹ̀kan náà ló bo ilẹ̀ náà. Ìyá Sùmáyà kò gbálẹ̀ yàrá náà mọ́. Wọ́n ní òórùn èéfín wà níbẹ̀. N kò lè sọ pé irọ́ ni.

Nínú lẹ́tà rẹ ìkẹyìn, o ní ojoojúmọ́ ni Mojíre ń gbá iyanrìn tí kì í tán ní pálọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ ti ilẹ̀kùn pa. Èmi náà bá ọ rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lánàá, mo tún lẹ́tà ọ̀hún ṣí, iyanrìn díẹ̀ sì dà sórí tábìlì mi. Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.

Ìkarahun pupa fífọ́ ni. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó bo ekùrọ́ yẹn.

Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti ń mẹ́kún sun. N kò fi lẹ́tà yìí sí póòsì. Abdulwaheed, awakọ̀ tó ń ná Òkìtìpupa, ni mo fi rán, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà láìgbé Màmá àti ẹ̀yin méjèèjì. Yàrá méjì ṣófo nílé mi. Dárí jì mí tí o bá dé.

Kí Màmá fún mi. Kí Mojíre náà, kí o sì sọ fún un pé kó fi iyanrìn yẹn sílẹ̀, kó má gbá a mọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì ọ́ lọ́nà,

Ọpẹ́yẹmí Fáníyì