Ilẹ̀kùn Bàbá Wa Tí Mo Dí

                                        Ilé Alájà, Ẹ̀yìn Ọgbà,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbádùn, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yín tó máa ń bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti sanra? Ẹ bá mi sọ fún un pé ńṣe ni mo tún gbẹ sí i. Ara Màmá le. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bú mi, wọ́n sì ń sùn dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ẹ sọ nígbà tí a fi ẹnu kò láti ta ilé pé ẹnikẹ́ni lè rà á, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn Bàbá. Mo ti dí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ra ilé yẹn tí kò dí ilẹ̀kùn ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú. Oníṣòwò pákó tó kọ́ ọ kọjú ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì. Nígbà tó kú, dókítà eyín rà á, ó ní òun ò ní máa gba ibi tí wọ́n gbé òkú gbà, ló bá la tirẹ̀ sí apá ọgbà. Ìyàwó dókítà gba ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn jáde lọ́jọ́ kan, kò padà mọ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wá rà á, tí ó fi ṣe ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, òun náà ní àwọn ọmọ òun ò ní gba ibi tí ìyàwó ilé gbà lọ. Ó la tirẹ̀ sí òdì kejì. Bàbá wa ni bíríkìlà tó bá àwọn méjèèjì dí i. Ìgbà tí ilé-ìwé kógbá sílé ni Bàbá fi gbogbo làálàá ayé wọn ra ilé náà. Àwọn náà dí ilẹ̀kùn ọ̀gá, wọ́n wá sọ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná di àbáwọlé. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ńlá bẹ́ẹ̀, àárín ìkòkò ni àlejò ń gbà wọlé. Bàbá á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ebi ò ní pa ẹni tó bá wá kí àwọn.

Ọ̀gá aránṣọ tó fẹ́ rà á báyìí, èèyàn dáadáa ni. Ó wo yàrá òkè, ó ní ibẹ̀ ni òun máa to máṣíìnì sí nítorí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra ní kí n má bínú, pé ibẹ̀ ni òkú Bàbá gbà jáde, òun ò lè máa gba ibẹ̀. Ó ní kí n dí i, kí n la òmíràn sí ojú títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò rà á mọ́. Inú bí mi, mo fẹ́ ní kó máa lọ, Màmá ló tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò ti ń bá Màmá sùn ní yàrá, apá wa ò sì ká òrùlé yẹn.

Ojú títì ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí Bàbá dí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Mo ti múra ìjà, torí iṣẹ́ Bàbá kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Àfi bí mo ṣe ha símẹ́ǹtì ojú rẹ̀ kúrò tí bíríkì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kó di ògiri àtijọ́ mú rárá. Bàbá tó máa ń gbá mi létí bí bíríkì mi ò bá di ara wọn mú! Ẹ̀yìn bíríkì yẹn ni mo ti rí ilẹ̀kùn oníṣòwò pákó fúnra rẹ̀, ó dúró digbí, tapólì ni wọ́n fi wé e, gíríìsì ṣì wà lára ìdè rẹ̀. Mo tì í, ó ṣí.

Mo sáré lọ pe Màmá. Kò tiẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹkún ni ọ̀gá ilé-ìwé ń sun lọ. Bàbá yín ní tó bá padà wá ńkọ́?"

Mo ní, "Ṣé ó wá padà wá, Màmá?"

"Ta ló padà? Ṣáà dí tiwa náà bẹ́ẹ̀."

Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo kun ìdè ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní gíríìsì, Màmá fúnra wọn ló ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá aránṣọ dúró tì wá, ó wo tapólì mi, ó ní kò tó, ló bá lọ mú aṣọ nínípọn wá kún un. Màmá ló ń na bíríkì sí mi títí a fi parí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí ẹ máa jẹun lásìkò, kí ẹ yé dákú sídìí iṣẹ́. Kí ẹ tó sọ àpò ìwé yìí nù, ẹ gbọ̀n ọ́n wò. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn Bàbá wà níbẹ̀. Màmá ní ọwọ́ yín ni kó máa wà.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èébú,

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.