Síkẹ́ẹ̀tì Rọ́bọ́ọ̀tì Wa

                                        Ojúlé Kọkànlélógójì,
                                        Àdúgbò Punta Arena,
                                        Guaymas, Sonora,
                                        Mẹ́síkò.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹ̀bìbí, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Anahí,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Tijuana? Ulises ọkọ yín ńkọ́? Renata ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti jáde? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìfaradà òtútù ibẹ̀. Ara Nana Chayo, ìyá àgbà wa, le. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn ò dùn wọ́n rárá. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹran gbígbẹ tí àwọn fi ránṣẹ́ dé pé pérépéré, tàbí ẹnì kan ti tọ́ ọ wò lọ́nà. Ní tèmi, inú mi ń dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀ ná, kí ẹ jókòó dáadáa.

A borí! Ẹgbẹ́ Alángbá, ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ilé ìwé wa tí ẹ fi òógùn yín dá sílẹ̀, ló gba ife ẹ̀yẹ ní Hermosillo. Ife náà wà lórí fìríìjì Nana báyìí. Wọ́n ti bu omi sí i, wọ́n ti ki ewé ọbẹ̀ cilantro bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìròyìn ìtìjú ni mo ń kọ sí yín.

Ẹ rántí pé kí ẹ tó fi Guaymas sílẹ̀, èmi ni ẹ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ya rọ́bọ́ọ̀tì sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gé irin. Ojú lásán ni àwọn yòókù fi ń wọn nǹkan. Efrén, tó di olórí ẹgbẹ́ lẹ́yìn yín, gbà pé ojú tó. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ apẹja, ojú náà ni wọ́n fi ń kàn án, ọkọ̀ wọn kò sì tíì rì. Àdéhùn tí a ṣe níwájú Profe Leobardo, olùkọ́ tó ń bójú tó wa, ni pé a ó fi àwòrán ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí. Bí rọ́bọ́ọ̀tì náà bá já wa kulẹ̀, kọ̀ǹpútà á padà sí ọ́fíìsì ilé ìwé, ojú á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Bí wọ́n bá gbé e lọ, kí ni mo fẹ́ wá máa ṣe nínú ẹgbẹ́? Kí n máa gbálẹ̀?

Ojú mi rí nǹkan. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó; bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, á sùn lọ bí ẹni tó jẹun yó, àfi ká gbé fáànù síwájú rẹ̀ kó tó jí. Bí mo bá ya táyà kan tán, ẹlòmíì á ṣí àwòrán kan náà lórí fóònù rẹ̀, ìka rẹ̀ á ṣèèṣì kàn án, táyà á fò lọ sórí rọ́bọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ kan, mo ya bọ́ọ̀tù sí ibi tó rẹwà gan-an, ó wá dọjọ́ tí a fẹ́ dè é, kò sí sípánà tó lè wọ ibẹ̀. Efrén rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ayàwòrán, sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ kó na ọwọ́ wá bá wa dè é." Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ya sípánà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo bọ́ọ̀tù kí n tó gbà pé iṣẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ pa mí ni síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ̀ pé òfin ìdíje ni pé kí rọ́bọ́ọ̀tì wọ fóòmù tí a fi aṣọ bò yí ìdí rẹ̀ ká, kó má baà ba ti ẹlòmíì jẹ́ bí wọ́n bá kọlu ara wọn. Síkẹ́ẹ̀tì la ti ń pè é láti ayé tiyín, Nana ló sì ń rán an nílé. Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e dé yàrá iṣẹ́ wa: aṣọ búlúù, alángbá funfun níwájú, fóòmù inú rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí ìyàwó tuntun. A wọ̀ ọ́ fún rọ́bọ́ọ̀tì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Efrén tẹ bọ́tìnnì kí apá rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ wá ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ sínú agbọ̀n, bí ìdíje ṣe ní ká ṣe. Apá sọ̀ kalẹ̀, ó gúnlẹ̀ sórí síkẹ́ẹ̀tì, ó dúró síbẹ̀ bí ìyá àgbà tó fara ti fèrèsé. Bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀, ó ń wò wá.

Kò sẹ́ni tó ya síkẹ́ẹ̀tì. Irin, wáyà, táyà, gbogbo rẹ̀ la yà. Aṣọ rírán, iṣẹ́ ilé la kà á sí, iṣẹ́ Nana. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ kò rò ó kàn, èmi tí mò ń sùn nínú ilé tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún gan-an kò rò ó kàn. Ìhòòhò ni rọ́bọ́ọ̀tì wa wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí a ti bí i! Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àmọ́ èmi mọ alángbá tí inú ń run níbẹ̀.

Efrén nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì. Nana, tí wọ́n ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ní, "Ìwọ Efrén, tó o bá fẹ́ gé aṣọ yẹn, irun orí mi ni kó o kọ́kọ́ gé." Profe náà ní òfin kò gbà á. Efrén wá ní òun á fi òòlù tẹ apá náà, ojú òun á sọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn padà sí ọ́fíìsì jàre. Àwòrán ò mọ bọ́ọ̀lù ṣa." Omijé bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn péré. Profe gbà, àmọ́ wọ́n rán mi létí pé páànù kan ṣoṣo ló kù tí a lè fi ṣe apá mìíràn. Bí a bá gé e tì, ó parí nìyẹn.

Mo gbé síkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, mo fi tépù wọ̀n ọ́n yíká, mo yà á sínú kọ̀ǹpútà. Nana gbé àga wá jókòó tì mí pẹ̀lú ẹ̀wù kan tí wọ́n ń lẹ̀. Wọ́n ní búlúù tí mo fi kùn ún kì í ṣe búlúù tí àwọn rà, àfìgbà tí mo tún un kùn. Mo gbé ìdí apá sókè kó lè ré síkẹ́ẹ̀tì kọjá: rọ́bọ́ọ̀tì ga ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Mo gé apá kúrú: kò kan ilẹ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń bá a fà á ni òwú Nana ti já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga. Wọn ò dìde, nítorí orúnkún. Wọ́n gbé ìgúnpá gun ọwọ́ àga, wọ́n ju ọwọ́ sílẹ̀ lódì kejì, wọ́n mú un. Mo pariwo débi pé abẹ́rẹ́ gún wọn. Apá rọ́bọ́ọ̀tì wa kò ní ìgúnpá!

Mo pín apá náà sí méjì, mo fi oríkèé sí àárín. Ó ré síkẹ́ẹ̀tì kọjá, ó kan ilẹ̀, nígbà tó sì ká ara rẹ̀, kò ga jù. Mo fi sípánà yẹ gbogbo bọ́ọ̀tù rẹ̀ wò. Efrén ló gé páànù, torí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí lójú, ó ní, "Ṣó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ ni. Ó tẹ̀lé ìlà mi láìyẹsẹ̀. Nígbà tí a dè é tán, apá náà gbéra, ó ré kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣa bọ́ọ̀lù.

Ní Hermosillo, ẹgbẹ́ tí a bá pàdé ní àṣekágbá ní rọ́bọ́ọ̀tì kan bíi màlúù. Wọ́n fi gbogbo agbára kọlù wá. Síkẹ́ẹ̀tì Nana gbà á mọ́ra, màlúù wọn ta padà sẹ́yìn, tiwa kàn yí díẹ̀, ó na ìgúnpá rẹ̀, ó ń ṣa bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n lọ. Efrén tó ń darí rẹ̀ ń ké, "Na ọwọ́, ọmọ mi, na ọwọ́!" Nana náà ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó nítòsí pé àwọn làwọn rán ohun tí wọ́n ń wò yẹn. Nígbà tí fèrè dún, tiwa ló pọ̀ jù nínú agbọ̀n. Efrén gbé mi sókè bí àpò ìrẹsì, ó ní, "Ayàwòrán wa rèé o! Òun ló yà á!" Ẹ̀gbọ́n mi, ayọ̀ yẹn kò ṣeé fi tépù wọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ wa láti wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ṣì wà. Ó wà. Efrén ló jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú fáànù, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Rọ́bọ́ọ̀tì ọdún tó ń bọ̀ ló ń yà. Kò tíì sí táyà, kò tíì sí irin kankan níbẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lójú kọ̀ǹpútà, òfìfo ni àárín rẹ̀. Ó ní, "Ayàwòrán, wá wò ó fún mi. Ṣé búlúù Nana rèé?"

Ẹ bá mi kí Ulises, kí ẹ sì fẹnu ko Renata lẹ́nu fún mi. Nana ní kí ẹ fi ìwọ̀n ìbàdí ọmọ náà ránṣẹ́ kíá, aṣọ búlúù ṣẹ́kù.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní àwòrán,
Yaretzi