Kọ́sẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Síìpù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín láìkí yín. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Okókomaikò ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà láyè rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sídìí rẹ̀. Èmi náà ò jókòó sídìí rẹ̀.

Mo ṣì ń rán aṣọ eré tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sítíìmpọ́ǹkì, tí ẹ̀yin ń pè ní aṣọ òyìnbó inú aago. Ẹ rántí: kóòtù gígùn àti kọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí a ń fi okùn fún mọ́ àyà àti ìbàdí, bíi ti àwọn obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́, tí a wá fi kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago, páìpù bàbà àti ìgò ojú ńláńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bíi pé ẹ̀rọ ni ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré orí ìtàgé ṣì ń wá a. Mo ṣì ń lọ sí ọjà Àlàbá lọ ṣa irin wẹ́wẹ́ nínú àwọn rédíò tó ti kú.

Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Mi ò rán kọ́sẹ́ẹ̀tì kankan mọ́ láìfi síìpù sí i. Okùn tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni, síìpù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì bàbà tó wà níwájú kò wọ ihò kankan. Orí fẹ́líkrò ni mo rán wọn mọ́, èyí tó máa ń ké fààà bí a bá fà á ya. Kí oníbàárà tó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, mo máa ń ní kó wọ̀ ọ́, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ lójú mi. Bí ó bá pẹ́ jù, mo máa tú u, màá tún un rán. Wọ́n rò pé àṣejù ń dà mí láàmú. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán sùtánà fún ìjọ wa, tí ẹ máa ń fi eyín já òwú nígbà tí sísọ́ọ̀sì ń bẹ lọ́rùn yín, ẹ ní kí n fi síìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí n rán, kí n fi okùn bò ó mọ́lẹ̀, ta ni yóò wò ó? Mo ní rárá. Mo ti wo fídíò lórí fóònù, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán an láyé àtijọ́, ihò onírin méjìlélógún, okùn kan ṣoṣo, kò sí nǹkan ìgbàlódé nínú rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní agídí bàbá mi ni mo gbé wọ̀.

Ọmọbìnrin tó ni ín kò ráàyè ti ìlú Ìbà wá wọ̀ ọ́ wò, bẹ́ẹ̀ ìbàdí yín kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ ní ẹ ó bá mi wọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ti ń fún yín láyà láti òwúrọ̀, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí, mo sì fa okùn náà le. Ẹ yí níwájú dígí, ẹ jó díẹ̀. Nígbà tí èémí yín há, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni.

Mo fi ìnhélà ásímà yín sí yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n àyà yín kò rí ibi fẹ̀ sí. Mo dojú kọ kókó tí mo ta sẹ́yìn yín, ọwọ́ mi ń làágùn, okùn ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́rùn yín, Màmá. Mo rí i, mi ò sì mú un. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọ̀la ni eré wọn, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán an, pé kókó yẹn máa tó tú. Nígbà tí mo wá nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì, ẹ di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Kí lẹ ń wí? Ṣé kí n yára ni, àbí kí n má ba aṣọ oníbàárà jẹ́? Láti kékeré lẹ ti ń bá mi wí pé mi ò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tó ti parí. Mo gbà pé ohun tí ẹ ń wí nìyẹn. Mo padà sídìí kókó.

Ìgbà tí ẹ ṣubú ni mo tó ké sí Ìyá Ṣadé, nọ́ọ̀sì tó ń ta oògùn ní òdìkejì títì. Wọ́n sáré wọlé láìwọ bàtà, wọ́n fa sísọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n sì gé okùn náà láti òkè délẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Kò pẹ́ tó kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ ti lọ.

Kí Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti Ìbàdàn dé, mo ti fi bùbá ilé wọ̀ yín. Mo sọ fún wọn pé orí àga lẹ jókòó sí tí ásímà fi gbé yín. Bọ̀dá béèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì tó wà ní òdìkejì títì kò fi tètè dé. Mi ò fèsì. Àìfèsì mi yẹn ni wọ́n gbé lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣadé, níṣojú gbogbo àdúgbò:

“Ẹ̀yin lẹ pa ìyá mi! Nọ́ọ̀sì wo lẹ wá jẹ́ gan-an?”

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣadé kọjá lọ ra oògùn níbòmíràn. Ìyá Ṣadé rí kọ́sẹ́ẹ̀tì yẹn lára yín, wọ́n mọ ohun tí mo ṣe, wọn ò sì tú mi fó. Bọ̀dá ní tiwọn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí ni wọ́n máa ń súre: “Ìwọ lo dúró ti Màmá. Ọlọ́run á san án fún ẹ.” Mo máa ń ṣe àmín. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ àmín yẹn níbi tí ẹ wà?

Lánàá, mo rí Ìyá Ṣadé tí wọ́n ń kó igo oògùn sínú páálí. Wọ́n ń kó lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mo sọdá títì lọ bá wọn, ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n ní, “Má sunkún mọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ọmọ mi.”

Ó rẹ èmi náà. Nígbà mìíràn inú yín máa ń bí mi gan-an, Màmá. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu yín, kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ lẹ fi bá mi sọ èyí tó kẹ́yìn? Lẹ́yìn náà ojú á tì mí, nítorí pé èmi ni mo ta kókó.

Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí torí pé ẹ̀yin nìkan ni mi ò lè parọ́ fún, ẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ló yẹ kó kà á, kí Ìyá Ṣadé tó kó lọ. Mo ti fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ títí dé ibí yìí, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá lórí Wasáàpù.

Àmì méjèèjì ti di búlúù báyìí. Bọ̀dá ti kà á.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó sọ òtítọ́.