Kọ́kọ́rọ́ Tó Ní Àmì Lórí

Ọjọ́ Ajé, 7 Ọ̀wàrà 2024

Inú bí mi lónìí débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo lọ gba kọ̀ǹpútà mi lọ́wọ́ Hafeez tó ń bá gbogbo àdúgbò wa ní Ìjòkó ṣáájì nǹkan, mo ṣí i, mo rí i pé wọ́n ti fi wo bọ́ọ̀lù. Mo bi í. Ó ní kí n má bínú, tẹlifíṣọ̀n òun ló kú, àwọn oníbàárà sì ń pariwo.

Bọ́ọ̀lù! Inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni ohùn Rose wà, àti ti Ọkùnrin-Kan, àti ti gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ ìkòkò gé ní ọwọ́ ní ilé-iṣẹ́ wa. Bó bá jẹ́ èèyàn ọ̀gá wa ló jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Èmi ni wọ́n fọkàn tán. Wọ́n ní Tíṣà ni kó gba ọ̀rọ̀ àwọn sílẹ̀, torí mo ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Iṣẹ́ tíṣà ò sí, ìkòkò ni mò ń dì sínú páálí, ṣùgbọ́n àmì ohùn ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.

Rose ní kí n kọ orúkọ òun gàdàgbà. Ọkùnrin-Kan ní tòun ò gbọdọ̀ hàn níbì kankan, ó láwọn ọmọ tó ń bọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí pàápàá.

Ìṣẹ́gun, 8 Ọ̀wàrà

Mo pe Lọ́yà Jemimah ní Abẹ́òkúta. Kò bá mi wí. Ó ní kí n ti àwọn fáìlì náà pa, kó jẹ́ pé ẹni tó bá jí kọ̀ǹpútà pàápàá, wótòwótò lásán ni yóò rí. Ètò kan wà fún un, Kleopatra lorúkọ rẹ̀, bíi ti ayaba ilẹ̀ Íjíbítì ayé àtijọ́. Ayaba ni n ó máa pè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Lọ́yà máa wá sí Ṣàngó. Ó fẹ́ gbọ́ àwọn ohùn náà fúnra rẹ̀ kó tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ó ní ti Rose ni òpó ilé, torí ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí wọ́n yọ irin ìdáàbòbò kúrò lára ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá. Rose sì ti padà sí ìlú wọn lọ́hùn-ún ní Benue. Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ̀wàrà

Iná ò sí. Dátà ò sí. Ayaba wà níbi tó wà.

Àbámẹ́ta, 12 Ọ̀wàrà

Ó ti wọlé! Jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ kí n má gbàgbé.

Ìyá Àgbà — kọ̀ǹpútà mi — Linux ló ń lò. Ẹni tó tà á fún mi ní Windows ti wúwo jù fún ọjọ́ orí rẹ̀. Nínú Linux, èèyàn kì í wá ètò kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ìránṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ apt. O sọ ohun tí o fẹ́, á lọ sọ́jà tó mọ̀, á gbé e wá. Alágbàtà ni mo sọ ọ́. Wọ́n ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni tèmi ń gbé e wá.

Mo tan dátà fóònù mi, mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, mo kọ àṣẹ. Ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣudo. Mo tẹjú mọ́ ọn — àṣé mo ti fi àmì sábẹ́ s inú sudo, ọ̀rọ̀ tó ń ṣíwájú àṣẹ! Àṣà ò ṣe é fi sílẹ̀. Bọ́tìnnì èdè Yorùbá ló wà lórí ẹ̀rọ mi látijọ́ tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ wọn. Mo yọ àmì, ó gbà. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà mi, mò ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó hàn. Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì gbà á.

Ó tún ní òun ò rí Kleopatra. Ìwé ọjà rẹ̀ ló ti pẹ́. Mo kọ́kọ́ ní kó lọ wo ohun tó wà lọ́jà:

sudo apt update

Ẹ̀yìn náà ni mo wá ní:

sudo apt install kleopatra

Háà! Ayaba kì í dá rìn. Alágbàtà to orúkọ ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ jàn-àn-ràn, ó ní gbogbo wọn ló ń bọ̀, ṣé kí òun máa kó wọn bọ̀, Y àbí n? Mo ní Bísímílàhì, mo tẹ Y. Díẹ̀ ló kù kí dátà mi tán, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé láìsí wàhálà.

Mo ṣe kọ́kọ́rọ́ tèmi. Ó ní kí n fi gbólóhùn kan ṣọ́ ọ. Mo mú ìlà kan nínú oríkì tí ìyá ìyá mi fi ń kì mí ní Ìwó, tòun ti àmì rẹ̀ lókè nílẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Mo ti gbogbo ohùn náà pa, mo sì pa èyí tó wà ní gbangba rẹ́ ráúráú. Ara mi fúyẹ́. Kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù lọ.

Ajé, 14 Ọ̀wàrà

Alágbàtà ní ọjà tuntun dé. Mo ní kó kó gbogbo ẹ̀ wá. Ìyá Àgbà kú fúnra rẹ̀ kó lè gbà á wọlé, ó tún jí. Mo sì gbé e lọ fún Hafeez pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọjọ́rú, 16 Ọ̀wàrà

Kò ṣí.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe òun. Mo rọra tún un tẹ̀. Kì í ṣe òun. Oríkì tèmi! Èyí tí mo gbọ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ ni mò ń gbọ́! Kí ni mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí?

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Lọ́yà bi mí ṣé mo ní ẹ̀dà. N kò ní. Ó ní kí n fara balẹ̀, Nàfísátù. Fóònù Rose ò lọ síbẹ̀. Mo sunkún nínú ilé ìtọ̀ ilé-iṣẹ́.

Ẹtì, 18 Ọ̀wàrà

Àlùhámúdùlílàhì!

Ní àsìkò ìjẹun mo sọ fún Ọkùnrin-Kan. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo rò pé yóò bínú. Ńṣe ló fi ọwọ́ tó kù nù ẹnu, ó ní, “Tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá o kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi.” Mo mọ ohun tó ń sọ. Lórí ìwé ilé-iṣẹ́ wọn kì í fi àmì kankan sórí orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá á máa pè é bí ẹni ń pe orúkọ oògùn ikọ́, òun á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n, mo fi àmì tèmi sí i. Ó ní, “Ìwọ fi sí i. Ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ àmì lónìí?”

Ṣudo! Mo fò dìde. Ó ní ṣé nǹkan ta mí ni.

Lẹ́yìn Jímọ̀ mo sáré délé, mo wo òkè ojú Ìyá Àgbà. Òyìnbó. Látọjọ́ tó kú tó jí ni bọ́tìnnì ti padà sí ti Òyìnbó. Ìka mi ń tẹ ibi tó yẹ, etí ẹ̀rọ ló yí padà. Ojú ò sì lè rí i, torí àmì róbótó nìkan ní ń hàn níbi tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo yí i sí Yorùbá. Mo tẹ oríkì mi.

Ayaba ṣílẹ̀kùn. Rose sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: “Write am. Na my hand, no be their own.” Mo forí kanlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì, ní títì pa. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àbámẹ́ta, 19 Ọ̀wàrà

Lọ́yà dé. Yàrá kan ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìrán-aṣọ Mùbárákà ọ̀rẹ́ mi ní Ṣàngó ni èmi, òun àti Ọkùnrin-Kan jókòó sí, ariwo máṣìnì ló bá wa bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀. Lọ́yà gbọ́ ohùn Rose láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó tán, ó ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, òun á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo fẹ́ jó.

Ó kan Ọkùnrin-Kan. Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wà ní títì bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un. Ọkùnrin-Kan wo kọ̀ǹpútà títí. Ó bi mí ṣé lóòótọ́ ni pé, láìjẹ́ pé mo ṣí i, kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.

Ó ní, “Ṣí i, kí o kọ orúkọ mi sí i. Rose kọ tiẹ̀. Fi àmì sí i dáadáa o. Bó bá ku ẹyọ kan, mi ò ní dáhùn.”

Ó fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ mi, ó ń wo ìka mi. Mo yẹ bọ́tìnnì wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo kà á sókè:

Ayọ̀kúnnúmi Adérógbà.

Ó ní, “Èmi rèé.”